Fóònù, kọ̀ǹpútà àti ìtọ́jú ọpọlọ ní Èkìtì: ohun tí wọ́n ń bi wá jù

Iṣẹ́ wẹ́fíà ni mò ń ṣe ní Èkìtì yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ àti ẹbí wọn ni mo ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ mi. Tẹ́lẹ̀, bírò, fáìlì àti ẹsẹ̀ ni irinṣẹ́ wa. Ní báyìí, tábúlẹ́ẹ̀tì wà nínú báàgì, WhatsApp ò jẹ́ kéèyàn sinmi, ẹni tó wà ní Òmùò sì lè bá dókítà tó wà ní Adó sọ̀rọ̀ láì wọ mọ́tò. Ìbéèrè wá pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn, ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi ìpàdé ẹgbẹ́, nínú mọ́tò Ìkọ̀lé pàápàá. Mo kó èyí tí mo ń gbọ́ jù jọ síbí.

Kí ni kọ̀ǹpútà ń wá nínú iṣẹ́ wẹ́fíà? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ àánú ni?

Iṣẹ́ àánú ni, ṣùgbọ́n àánú tó bá gbàgbé ẹni tó ṣàánú fún lánàá ò wúlò. Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n gba ọmọ kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú ní Ìjerò. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọ yẹn ti wà lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀ tábìlì kan ní Ìjerò ni fáìlì rẹ̀ wà, òṣìṣẹ́ Ìkẹ́rẹ́ ò mọ nǹkan kan. Á tún ní kí ọmọ náà sọ ohun tó ti fi ẹkún sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ́lẹ̀. Irú nǹkan báyìí ló mú kí àjọ UNICEF ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Primero. A kì í sanwó rẹ̀. Òun ni òṣìṣẹ́ fi ń tọpa ọ̀rọ̀ ọmọ kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wá títí di ọjọ́ tí wọ́n bá pa fáìlì rẹ̀ dé, ẹni tí wọ́n bá sì fún láṣẹ nìkan ló lè ṣí i.

Ti àwọn ilé ìwòsàn yàtọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ DHIS2 ni Nàìjíríà ń lò láti ko iye àwọn aláìsàn jọ. Yunifásítì ìlú Oslo, ní Norway, ló ṣe é. Àwọn ìyá kan máa ń bẹ̀rù pé bí nọ́ọ̀sì bá ti tẹ nǹkan sínú ẹ̀rọ, orúkọ àwọn ti dé Àbújá nìyẹn. Iye ló ń lọ nínú ìròyìn oṣooṣù yẹn, pé èèyàn mélòó ló wá, àìsàn wo ló mú wọn wá. Orúkọ kì í bá a lọ.

Ẹ̀rọ náà ní wàhálà tirẹ̀ ṣá o. Mo ti rí màmá kan nínú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta: wọ́n kọ ọ́ bíi Ìyá Ìbejì, wọ́n kọ orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, wọ́n tún wá fi orúkọ ọkọ rẹ̀ kọ ọ́. Màmá kan ṣoṣo, èèyàn mẹ́ta nínú kọ̀ǹpútà. Ti ọjọ́ ìbí tún wá burú jù. Lọ́dún 2011 ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn àgbà tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 65 sókè ní ₦5,000 lóṣù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ọba tó wà lórí oyè tàbí ọdún tí eéṣú jẹ oko. Kọ̀ǹpútà ò gba ọdún eéṣú. Akọ̀wé á wá tẹ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sí i. Ẹ ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò, ẹ óò ríi pé ọjọ́ ọdún tuntun ni wọ́n bí ìdajì àwọn àgbà ìlú.

Ṣé ayé ìsinsìnyí ni ìtọ́jú ọpọlọ láti ọ̀nà jíjìn bẹ̀rẹ̀?

Rárá. Ní Nebraska, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn dókítà ọpọlọ ti ń fi tẹlifíṣọ̀n tó ń gbé ohùn àti àwòrán lọ bọ̀ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ láti 1959. Nígbà tó fi máa di 1964, wọ́n ti so yunifásítì wọn pọ̀ mọ́ ilé ìwòsàn ìlú Norfolk tó jìnnà tó máìlì 112. Ní tiwa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àrò, Abẹ́òkúta, láti 1954: aláìsàn á máa gbé láàárín ará abúlé, ẹbí á bá a wá, á máa gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Àwọn kan lo wáyà, Lambo lo àwọn aládùúgbò. Bí ẹ bá bi mí, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ti Lambo ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan tábúlẹ́ẹ̀tì.

Fóònù tọ́ọ̀ṣì ni tèmi. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kàn mí?

Ó kàn yín dáadáa. Ìpè lásán ṣì ni irinṣẹ́ tó dára jù tí a ní. Tẹ́ẹ̀sì ń wọlé síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ò dé. Àwọn nọ́ńbà oníràwọ̀ tí ẹ fi ń wo owó tó kù lórí fóònù yín, wọ́n lè fi irú rẹ̀ béèrè bí ara ṣe rí kí ẹ sì tẹ 1 tàbí 2 fèsì, láì lo dátà rárá.

Nọ́ọ̀sì gbé tábúlẹ́ẹ̀tì jáde, ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́sàn-án, ó ní mo gba 14. Ìdánwò wo nìyẹn?

Kì í ṣe ìdánwò, kò sì sí pé ẹnì kan pàsì tàbí fẹ́èlì. PHQ-9 ni wọ́n ń pè é, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń yẹ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wò. Láti 2001 ló ti wà. Ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn: ṣé ẹ ò nífẹ̀ẹ́ sí nǹkan mọ́, ṣé ìbànújẹ́ dorí yín kodò, báwo ni oorun, báwo ni okun, báwo ni oúnjẹ, ṣé ẹ ń rí ara yín bí ẹni tí kò wúlò, ṣé ẹ ń lè pọkàn pọ̀, ṣé ara yín ń fà tàbí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, ṣé ó ń ṣe yín bíi pé ikú sàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0 sí 3, àròpọ̀ rẹ̀ kò lè ju 27 lọ. Tó bá ti tó 10 sókè, òṣìṣẹ́ á jókòó ti yín, á béèrè sí i. Kò tíì sọ pé àìsàn kan wà lára yín. Dókítà ló ń sọ ìyẹn.

Ìbéèrè kẹsàn-án, ti ikú, yàtọ̀. Bí àròpọ̀ yín bá kéré tó 4, tí ẹ sì mú ohunkóhun tó ju òdo lọ níbẹ̀, ó yẹ kí òṣìṣẹ́ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kó sì wo ojú yín. Mo ti rí áàpù tó kàn ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó ní «ara yín le», tó sì kí ẹni náà pé ó dàbọ̀. Inú mi ò dùn sí i rárá.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ìwé yìí ò béèrè ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń kọ́kọ́ sọ. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá mú níbí kì í wá sọ pé «inú mi bàjẹ́». Ohun tó máa ń sọ ni pé nǹkan ń rìn lórí òun bí èèrà, pé orí òun gbóná, pé àyà òun ń já. Ọdẹ orí ni àwọn àgbà ń pè é, àwọn dókítà ọpọlọ sì ti kọ nípa rẹ̀ tipẹ́. Òṣìṣẹ́ tó bá ka ìbéèrè mẹ́sàn-án yẹn bí ẹni ń ka orúkọ ní kíláàsì, tí kò gbọ́ «èèrà ń rìn lórí mi», á kọ 3 sílẹ̀ fún ẹni tó yẹ kó gba 16.

Ṣé ẹ̀rọ gbọ́ Yorùbá? Ṣé ó gbọ́ Èkìtì?

Ó gbọ́ díẹ̀. Yorùbá wọ ẹ̀rọ ìtúmọ̀ Google ní oṣù Kejìlá 2013, ó sì ti sàn ju bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ gbé èyí yẹ̀ wò. Ọkùnrin kan kọ ọ́ ránṣẹ́ láì fi àmì sí i: «Oko mi ti baje.» Ṣé oko tó fi ń jẹun ló bàjẹ́ ni? Ṣé ọkọ̀ tó ń wà ni? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ obìnrin ló kọ ọ́, ó lè jẹ́ ọkọ tó fẹ́ ẹ sílé. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè mú kéèyàn má sùn, ìrànlọ́wọ́ tí kálukú sì nílò yàtọ̀ síra. Èmi á pe ẹni náà, màá bi í. Ẹ̀rọ á mú ọ̀kan.

Ẹ tún wá fi èdè wa kún un. Àwọn àgbà wa ń pe ilé ní ulé, wọ́n ń pe iṣu ní uṣu, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ọ̀rọ̀ á sì kọ ohun tí Ọlọ́run nìkan mọ̀. Bẹ́ẹ̀ tí ìyá kan bá ti rẹ̀wẹ̀sì, èdè ulé rẹ̀ ló ń padà sí. Nítorí náà fọ́ìsì nóòtì ni mo fẹ́ràn ju kíkọ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀, kí èèyàn tó gbọ́ èdè náà sì gbọ́ ọ. Ẹ óò gbọ́ ibi tí ohùn ti gé. Kò sí PHQ kankan tó ń ka ìyẹn.

Ta ló ń rí ohun tí mo bá sọ?

Ìbéèrè yìí ni bàbá gbogbo wọn, ó sì yẹ kí ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó la ẹnu.

Ìlú wa kéré. Bí ẹ bá jókòó síwájú yàrá dókítà ọpọlọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kó tó di aago méjìlá ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà. Oore tó tóbi jù tí fóònù ṣe fún wa nìyẹn: èèyàn lè gba ìtọ́jú láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i pé òun wọ ẹnu ọ̀nà kan. Mo mọ tíṣà kan tí ì bá má gba ìtọ́jú láéláé ká ní ó di dandan kó máa wá jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn. Inú mọ́tò rẹ̀, lẹ́yìn ilé ìwé, ló ti máa ń bá wa sọ̀rọ̀.

Àmọ́ fóònù yẹn náà lè tú èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa fúnra wa. A fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí ìyàwó ilé kan láti rán an létí pé ó ní dókítà láti rí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A kọ «ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ» sínú rẹ̀. Ọwọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀ ni fóònù wà lọ́jọ́ yẹn, ó ń fi gbá géèmù. Ọmọ náà kà á sókè ní pálọ̀. Kó tó di alẹ́, ìyá ọkọ ti ń bèèrè bóyá wèrè ni ọmọ òun gbé wálé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń lọ ń bọ̀ ká tó lè tún ilé yẹn ṣe, obìnrin náà ò sì gbé ìpè wa mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ tí a rán an, ó jẹ́ iṣẹ́ náà ní wákàtí tó yẹ gan-an. Àwa ni a ò ronú pé ta ló gbé fóònù dání. Láti ìgbà náà, ohun tí à ń kọ kò ju «Ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ má gbàgbé ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9» lọ. Kò sí orúkọ ibi, kò sí orúkọ dókítà.

Ní ti òfin, òfin ààbò dátà tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó nílò ààbò tó le jù. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tí wọ́n kọ nípa yín, láti ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ́ ṣe, àti láti gba àṣẹ tí ẹ fún wọn padà. Bí nǹkan yín bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tó lè ṣe yín ní jàǹbá, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ tó ń bójú tó o. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2023 náà wà. Òun ló gbapò òfin àtijọ́ tó ń pe àwọn aláìsàn wa ní lunatic, ìyẹn wèrè, orúkọ tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó amúnisìn.

Òfin nìkan ò tó. Ní Finland, ilé ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Vastaamo tọ́jú gbogbo ohun tí aláìsàn bá sọ sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀daràn kan jí i. Lọ́dún 2020 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí àwọn aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n sanwó, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ òun á kó àṣírí wọn síta. Èèyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lé ní 30,000. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́ta ní 2024, ṣùgbọ́n àṣírí tó ti tú, ta ló fẹ́ kó o padà sínú ìkòkò? Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ní kí ilé iṣẹ́ BetterHelp san mílíọ̀nù 7.8 dọ́là lọ́dún 2023 nítorí ó fún Facebook àti àwọn mìíràn ní nǹkan nípa àwọn oníbàárà rẹ̀ láti fi polówó. Ẹ máa rántí èyí nígbà tí áàpù ọ̀fẹ́ kan bá ní kí ẹ sọ ìbànújẹ́ yín fún òun.

WhatsApp ńkọ́? Láti 2016, ẹni méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ nìkan ló lè kà á, kò sí ẹni tó lè tú u wò lójú ọ̀nà. Kò sí àgádágodo tó lè dá ẹni tó ya fọ́tò ojú fóònù yín dúró ṣá. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú sí mi: fọ́tò aláìsàn nínú gúrúùpù iṣẹ́, «ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí màmá yìí», pẹ̀lú ojú màmá kedere, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Gúrúùpù yẹn ní èèyàn 140. Ọ̀kan nínú wọn mọ màmá.

Ṣé mo lè máa bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ dípò èèyàn? Ó ń dáhùn dáadáa, kì í sì í dá mi lẹ́jọ́.

Mo mọ ohun tó ń mú yín fẹ́ràn rẹ̀. Aago méjì òru, kò sí ẹni tó jí, ẹ̀rọ wà lójúfò. Ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Lọ́dún 1966, Joseph Weizenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tó pè ní ELIZA. Kò mọ nǹkan kan. Bí ẹ bá ní «inú mi bàjẹ́ sí ìyá mi», á yí i padà, á ní «ẹ sọ sí i fún mi nípa ẹbí yín». Akọ̀wé rẹ̀, tó mọ̀ pé ẹ̀rọ lásán ni, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó sì ní kí ọ̀gá òun jọ̀ọ́ jáde kúrò nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ náà dẹ́rù ba Weizenbaum títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Àwọn tòní gbọ́n ju ELIZA lọ fíìfíì, wọ́n sì lè wúlò: kí wọ́n kọ́ yín ní bí a ṣe ń mí nígbà tí àyà bá ń já, kí wọ́n bá yín kọ ohun tí ẹ fẹ́ bi dókítà sílẹ̀. Àmọ́ wọ́n máa ń fẹ́ gbà pẹ̀lú yín. Lọ́dún 2023, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń ran àwọn tí àìsàn àìlè jẹun bó ṣe yẹ ń dà láàmú lọ́wọ́ gbé ẹ̀rọ kan jáde tó ń jẹ́ Tessa. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dín ara wọn kù. Wọ́n yára pa á. Ọ̀rẹ́ yín tó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ lóòótọ́ á sọ pé «rárá o, èyí tó ò ń sọ yìí ò tọ́, dìde, jẹ́ ká lọ.» Ẹ̀rọ ò lè bá yín wọ ọ̀kadà.

Ẹnì kan kọ ọ́ sí WhatsApp pé òun fẹ́ kú. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pè é. Ẹ má kọ̀wé padà, ẹ pè é. Bí ó bá gbé e, ẹ béèrè lọ́nà tó ṣe kedere pé ṣé ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í fi èrò náà sí i lórí. Ẹ béèrè ibi tó wà. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, kí ẹlòmíràn fi fóònù mìíràn pe ẹni tó sún mọ́ ọn jù, aládùúgbò tàbí pásítọ̀ tàbí lémọ́ọ̀mù, kó lọ bá a ní báyìí. Kí wọ́n má fi òun nìkan sílẹ̀. Kí wọ́n kó oògùn koríko àti oògùn kòkòrò kúrò nílé. Àgbẹ̀ ni wá, nǹkan yẹn kì í jìnnà sí wa. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni. Bó bá ti mu nǹkan kan, kò sí ọ̀rọ̀ fóònù mọ́, ilé ìwòsàn ló kù, kí wọ́n sì mú ike oògùn náà dání lọ kí dókítà lè rí i. Ẹ má bú u. Ẹ má sọ ọ́ di ìwàásù.

Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ sanwó kí oníṣègùn kan máa bá màmá sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ṣé ó dáa?

Ó dáa, bí oníṣègùn náà bá gbọ́ Yorùbá, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì pé. Wàhálà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe owó. Ta ló máa gbé fóònù dání fún màmá? Bó bá jẹ́ ìyàwó ilé ni, màmá ò ní sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé níṣojú rẹ̀. Mo ti jókòó ti irú ìpè bẹ́ẹ̀ rí. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ni màmá fi ń sọ pé «a dúpẹ́, a dúpẹ́, ara le, ìyàwó mi ń tọ́jú mi gan-an.» Nígbà tí ìyàwó lọ pọnmi, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ etí fún màmá, ẹ gbé fóònù jókòó sórí tábìlì, kí gbogbo èèyàn sì bọ́ síta.

Ṣé kọ̀ǹpútà lè máa pinnu ẹni tó máa gba ìrànlọ́wọ́?

Ó lè to orúkọ. Kó má pinnu. Ní Netherlands, ìjọba jẹ́ kí ẹ̀rọ máa tọ́ka sí àwọn òbí tí wọ́n rò pé ó ń fi èrú gba owó ìtọ́jú ọmọ, ẹ̀rọ náà sì ń wò ó bóyá ẹni náà jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀ òbí tí kò jalè ni wọ́n ní kó dá owó padà, àwọn kan pàdánù ilé. Ìjọba náà kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2021. Tiwa á rọrùn láti bàjẹ́ ju ìyẹn lọ, nígbà tí màmá kan lè jẹ́ èèyàn mẹ́ta tí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní sì jẹ́ ọjọ́ ìbí gbogbo ìlú.

Bí kò bá sí iná ńkọ́?

Ẹ ra páwábáńkì. Ẹ máa lo áàpù tó lè ṣiṣẹ́ láì sí nẹ́tíwọ̀kì, tó máa fi ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ nígbà tí ẹ bá padà dé ibi tí nẹ́tíwọ̀kì wà. Ìwé ńlá àti bírò ò tíì kú.

Òṣìṣẹ́ tuntun ni mí. Kí ni àṣìṣe tí ẹ ò fẹ́ kí n ṣe?

Èyí tí èmi náà ṣe. Ọ̀sẹ̀ kìíní tí wọ́n fún wa ní tábúlẹ́ẹ̀tì, mo lọ sílé ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Mo jókòó sórí àpótí, mo ṣí fọ́ọ̀mù, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́. Àpótí kékeré kan nínú fọ́ọ̀mù náà ò gbà kí n kọjá láìjẹ́ pé mo kọ iye ọmọ tó wà nílé, mo sì béèrè: «Màmá, ọmọ mélòó?» Ó dákẹ́. Ó wo tábúlẹ́ẹ̀tì, ó wo mí. Ó ní, «Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ yẹn lò ń bá wí ni àbí èmi?»

Mo pa ẹ̀rọ náà. Mo gbé e sínú báàgì, mo fa àpótí sún mọ́ ọn. Inú mọ́tò, lábẹ́ igi máńgòrò kan lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́, ni mo ti padà kún fọ́ọ̀mù náà. Mo ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ di òní.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ibo ni kí n lọ?

Ẹ lọ fúnra yín lẹ́ẹ̀kan ná. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ìdó àti èyí tó jẹ́ ti yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Adó ní dókítà ọpọlọ; ilé ìlera tó wà ládùúgbò yín náà lè kọ ìwé tó máa gbé yín dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ mú ẹni tí ẹ fọkàn tán dání. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá béèrè nọ́ńbà fóònù, ẹ má kàn pe nọ́ńbà kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ sọ fún un pé ti ta ni fóònù náà, aago mélòó ló máa ń wà lọ́wọ́ yín, orúkọ wo ni kó fi pe ara rẹ̀ bí ẹlòmíràn bá gbé e. Obìnrin kan ní Ẹ̀fọ̀n sọ fún wa pé bí ìyá ọkọ òun bá gbé e, ká ní a ń pè láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò èlùbọ́. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń ta èlùbọ́.